Ìwé ẹ̀sùn tó ní láti gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn bá mi dá sí i.

Bàbá tó bí bàbá mi ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́tà ní Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ ló máa ń wá bá a. Á jókòó, á rojọ́ tinú tinú, Bàbá á sì máa fi táípù tẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ẹbí kan kọ nítorí ilẹ̀ wọn tí ìjọba gbà. Ẹ̀dà kábọ̀n ni. Lẹ́tà rẹ̀ ti ṣú bí aró, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àwọn àgbà méje ṣì hàn kedere nísàlẹ̀, orúkọ kálukú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó ká mi lára rèé. Mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tún wá tẹ̀ ẹ́ sí pé kó gba ọwọ́ Gómìnà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ìjọba Gómìnà yẹn gan-an ló gba ilẹ̀ wọn! Ṣé òfin ni àbí ẹ̀rù? Àti pé ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rí nǹkan gbà nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí?

Arótàn

Òfin ni, ẹ̀gbọ́n. Bàbá yín mọ iṣẹ́ wọn dunjú.

Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé ìlànà kan tí gbogbo gómìnà ń tẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní Colonial Regulations. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wù lè kọ̀wé sí Mínísítà, kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Gómìnà ni kó fi lé, kó má lẹ̀ ẹ́ pa, kó sì jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta. Gómìnà ló máa fi ránṣẹ́, á sì kọ èrò tirẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹnì kan bá fo Gómìnà, tó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù tààrà, wọ́n á dá a padà sọ́dọ̀ Gómìnà náà pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú gidi.

Ẹ̀dà kẹrin ló wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn èyí tí akọ̀wé fi pamọ́ fúnra rẹ̀. Mẹ́ta ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba.

Kí n má parọ́, ìdí kan wà fún òfin yìí tó mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ Àpápá yàtọ̀ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta. Bí ìwé kan bá dé pé wọ́n gba ilẹ̀ òun, ta ni kó bi? Àwọn baba wa náà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tó ti wọ́ ni pé Gómìnà rí ohun tí olùpẹ̀jọ́ kọ, olùpẹ̀jọ́ kì í sì í rí ohun tí Gómìnà kọ. Ẹnìkan ṣoṣo ni Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́ kẹ́yìn.

Ìyá Àkànní

Mo ka èyí, ara mi bù máṣọ. Kí ẹni tó gba oko mi máa jókòó ka ẹ̀sùn tí mo fi kàn án, kó tún fi gègé kọ tirẹ̀ sí i níbi tí n kò ti lè rí i! Àwọn àgbà méje yẹn kò mọ̀ọ́kọ, wọ́n ní kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ta ló ṣàlàyé fún wọn pé ojú ọ̀tá ni ìwé náà máa kọ́kọ́ bọ́ sí?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo gbà pé Bàbá sọ fún wọn, Màámi. Ẹni tó mọ òfin ẹ̀dà mẹ́ta máa mọ èyí tó kù.

Fìlà Funfun

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láyé táípù. Ọjọ́ tí wọ́n ti gba Èkó fúnra rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus ti dúró sójú ọ̀sà nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Ìhàlẹ̀ pé wọ́n á yìnbọn sí ìlú ti wáyé ṣáájú. Wọ́n ní wọ́n á máa fún un ní àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dọọdún. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé sí Ọbabìnrin náà pé ipá ni wọ́n fi mú òun. Ìlú ò padà mọ́. Ọba ló kọ ọ́ o, ọba sí ọba! Tí wọn kò bá dá Dòsùnmú lóhùn, ta ni àwọn àgbà méje?

Kofo láti Accra

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé kò sí ìgbà kan tó ṣiṣẹ́ rí. Ní Gánà níbí, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ìjọba gbé àbá òfin ilẹ̀ kan jáde lọ́dún 1897 tó máa fún Gómìnà lágbára lórí ilẹ̀ àwọn ará ìlú. Àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ọba etí òkun dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Cape Coast, Aborigines' Rights Protection Society. Wọn ò jókòó ti ìwé nìkan. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n rán Jacob Sey, T. F. E. Jones àti George Hughes lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1898. Wọ́n rí Joseph Chamberlain tó jẹ́ Mínísítà lójúkorojú, ìjọba sì pa àbá òfin náà tì.

Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn wà lẹ́yìn wọn o, èyí náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Arótàn

Òótọ́ lẹ sọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún 1920, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia pàdé ní Accra, wọ́n dá National Congress of British West Africa sílẹ̀, Casely Hayford ni òléwájú. Wọ́n rán ikọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún kan náà láti tọrọ pé kí ará ìlú máa dìbò yan aṣojú. Lord Milner ló wà nípò Mínísítà. Kò gbà kí wọ́n fojú kan òun.

Ìdí rẹ̀? Àwọn gómìnà ti kọ tiwọn ránṣẹ́ ná. Guggisberg ní Gold Coast àti Clifford ní Nàìjíríà sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò ṣojú fún ẹnikẹ́ni, pé ara wọn ni wọ́n yan. Nana Ofori Atta, ọba ńlá ní Gold Coast, náà sì bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún yẹn, Clifford dìde níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní Èkó, ó fi wọ́n ṣẹ̀sín ní gbangba.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1922, ìjọba Clifford kan náà gbé òfin tuntun jáde tó fún Èkó ní ìjókòó 3 àti Calabar ní 1 tí wọ́n máa dìbò sí. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Nǹkan tí wọ́n tọrọ, wọ́n rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀, àmọ́ wọ́n fi jọ pé inú rere Gómìnà ló ti wá. Tèmi ni pé ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ìjọba amúnisìn wà. Wọ́n lè gba ohun tí o sọ. Wọn ò ní í gbà láé pé ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.

Fìlà Funfun

Ẹ ti kan ibi tí mo ń dúró dè. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ikọ̀ ti 1920 yẹn ni Olóyè Olúwa ti Èkó, Àmọ̀dù Tìjání. Ẹjọ́ tirẹ̀ ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Wọ́n gbà láti san owó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe owó onílẹ̀, pé àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè ilẹ̀ Èkó tí Olúwa wà lára wọn, kàn ń ṣe alábòójútó ni, pé nígbà tí Dòsùnmú ti fọwọ́ sí ìwé 1861, ilẹ̀ ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ Èkó gbà bẹ́ẹ̀. Olóyè Olúwa kò fi mọ síbẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ kọ́tẹ̀milọ́rùn lọ sí Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún gbogbo àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ló bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Iṣẹ́ sọ̀fíò ló kọ́, ó mọ ilẹ̀ Èkó bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́.

Lọ́dún 1921, Lord Haldane ka ìdájọ́. Ó ní ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ rẹ́. Ó ní kí àwọn ilé ẹjọ́ yé fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ wa, torí pé níbí, ti ẹbí àti ti ìlú ni ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìjọba san £22,500. Títí di òní, ẹjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn lọ́yà nípa ilẹ̀, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.

Ẹ fojú inú wò ó. Ìwé tí wọ́n ń dá padà sọ́dọ̀ Gómìnà, ọ́fíìsì Mínísítà ló ń dá a padà. Adájọ́ kò lè dá ẹjọ́ padà sọ́dọ̀ olùjẹ́jọ́ pé kó wá bá òun dá a.

Ìyá Àkànní

Ẹ ṣeun, olóyè. Àmọ́ mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn kan náà ló di wàhálà sí Ọba Èkó, Èṣùgbàyí, lọ́rùn?

Fìlà Funfun

Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ó yẹ kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà tí Macaulay ń lọ, Ọba Èṣùgbàyí Eléko fi ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ tó lórí fàdákà rán an, kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún lè mọ̀ pé ààfin ló ti wá. Macaulay bá àwọn oníwèé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, ó pe Eléko ní ọba lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì sọ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò mú ìlérí tó ṣe fún ìdílé Dòsùnmú ṣẹ. Inú bí ìjọba Èkó gidigidi. Wọ́n ní kí Ọba sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀wé pé òun kò rán Macaulay ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò tó, kí ó rán akéde kó lu agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ Macaulay.

Ọba kọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí ìwé, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Agogo ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ìwé máa wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n agogo máa dé Ìdúmàgbò, á dé Ọ̀fin, gbogbo ìlú á gbọ́ pé ọba wọn ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1920 wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, wọ́n gé owó tí wọ́n ń san fún un. Lọ́dún 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ tún gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n bẹ adájọ́ kan pé kó tú Ọba sílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fẹ́ bẹ òmíràn, wọ́n ní kò sáyè. Lọ́dún 1928 Privy Council ní ẹni tí wọ́n ti mọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá adájọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹjọ́ tún padà dé ọ̀hún. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, Lord Atkin ní Gómìnà kò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni àfi tó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún un láyè. Òfin tí wọ́n fi lé e kúrò nílùú sọ pé kí ó jẹ́ olóyè tí wọ́n rọ̀, kí àṣà ìlú rẹ̀ sì sọ pé ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Atkin ní ẹ lọ wádìí rẹ̀, ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ Gómìnà gbọ́. Wọn ò tíì tún ẹjọ́ náà gbọ́ tí Gómìnà tuntun, Donald Cameron, fi bá wọn yanjú rẹ̀. Eléko padà wọ Èkó lọ́dún 1931. Ọdún kejì ló wàjà.

Adé Peckham

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi fẹ́ fi ọ̀nà kẹta kún un, torí ó jọ pé ẹ ti fi mọ sórí ìwé àti ilé ẹjọ́.

Lọ́dún 1895, ọba mẹ́ta láti ilẹ̀ tó di Botswana lónìí, Khama, Sebele àti Bathoen, wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ wọn lé ilé iṣẹ́ Cecil Rhodes lọ́wọ́. Chamberlain ní kí wọ́n lọ bá ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ sí ìsinmi. Wọn ò padà sílé. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì, míṣọ́nnárì kan ń túmọ̀ fún wọn, wọ́n ń bá àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wọn àti nípa ọtí tí wọ́n kò fẹ́ kó wọlé. Nígbà tí Chamberlain fi dé, ìwé ti ń rọ́ wá bá a láti ọwọ́ àwọn tó ń dìbò fún ìjọba rẹ̀. Ó gbà fún wọn, wọ́n kàn fi ilẹ̀ ojú irin rélùwéè sílẹ̀.

Mínísítà kò bẹ̀rù ará Àpápá, ó bẹ̀rù olùdìbò ìlú tirẹ̀.

Ànàgó Lomé

Ní Tógò, ọ̀rọ̀ náà jọ tiyín. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Faransé ń ṣàkóso apá kan Tógò lábẹ́ ojú League of Nations, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìgbà náà, ní Geneva. Ẹ̀yin á rò pé Geneva máa yàtọ̀. Rárá o. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1923 ni pé ará ìlú tó bá fẹ́ fẹ̀jọ́ sùn gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ gba ọwọ́ ìjọba tó ń ṣàkóso rẹ̀! Ìgbà tí àjọ United Nations dé ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, tí ènìyàn lè kọ̀wé tààrà, kó sì lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Sylvanus Olympio lọ dúró níwájú wọn lọ́dún 1947, ó rojọ́ àwọn ẹ̀yà Ewe tí ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín sí méjì. Àwọn àgbà wa níbí sọ pé ó dùn mọ́ wọn pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láìgba ọwọ́ Faransé. Ààlà náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ.

Ìyá Àkànní

Ọdún 1947 yẹn náà ni ikọ̀ NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú Azikiwe, lọ bá Creech Jones tó jẹ́ Mínísítà ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí òfin Richards, ìyẹn òfin ìṣèjọba tuntun tí Gómìnà Richards ṣe fún Nàìjíríà. Azikiwe wà níbẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti sì ni obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Creech Jones ní kí wọ́n lọ sílé lọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òfin náà. Ìyá wa padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ń bá ìjà owó orí obìnrin lọ, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní iwájú ààfin. Ní oṣù keje ọdún 1948, Aláké fi ìlú sílẹ̀. Wọn ò dúró de ìwé kankan láti òkè òkun. Màmá tó bí mi wà lẹ́yìn ìyá tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sun síwájú ààfin, ọmọdé ni, ohun tó rántí jù ni orin àti ẹ̀kọ tí wọ́n há fún wọn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Gbogbo yín, mo dúpẹ́. Mo tún padà sínú àpótí náà lálẹ́ àná torí ohun tí Arótàn sọ. Mo rí èsì. Ìwé pélébé kan ni, ìlà mẹ́rin péré. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá, ọ́fíìsì ìjọba kan níbí ló fọwọ́ sí i. Ó ní Mínísítà ti gba ìwé wọn, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó tán. Bàbá fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà méje sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ "mo kà á fún wọn" sí i.

Olóyè, ẹ ní ilé ẹjọ́ ló lérè. Mo gbà. Àmọ́ Olóyè Olúwa ní Macaulay, ó ní owó ọkọ̀ ojú omi àti owó lọ́yà Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn wọ̀nyí ní Bàbá mi àti kábọ̀n.

Fìlà Funfun

N kò ní èsì sí ìyẹn, ọmọ mi. Òótọ́ ni.

Arótàn

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́ta yẹn lè ṣì wà. Ìwé tó bá dé ọ́fíìsì Mínísítà, wọ́n ń so ó mọ́ lẹ́tà Gómìnà, àwọn akọ̀wé wọn á sì kọ èrò wọn sórí rẹ̀. Wọ́n kó èyí tó kù nínú wọn pamọ́ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ti Èkó ayé ìgbà kan wà ní abẹ́ nọ́ńbà CO 147, ti Nàìjíríà lẹ́yìn 1914 wà ní CO 583. Ní Ìbàdàn náà, ilé àkójọ ìwé ìjọba ní fáìlì CSO 26. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ Gómìnà jẹ́ àṣírí. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni lè béèrè fún un kó sì kà á.

Ọdún wo ló wà lórí ìwé yín?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ibi tí kòkòrò jẹ ni ọdún wà, àmọ́ èsì náà ní nọ́ńbà fáìlì lókè. Mo máa ya fọ́tò rẹ̀.

Adé Peckham

Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kew kò jìnnà sí mi, mo ní àyè lọ́jọ́ Thursday. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbà méjèèje sí i fún mi pẹ̀lú, kí n lè mọ̀ tí mo bá rí àtàǹpàkò wọn.